Igbó Wà, Omi Ńkọ́?

Ìgò méjì kan wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù nínú yàrá ìyá àgbà ọ̀rẹ́ wa kan ní Òṣogbo. Omi Ọ̀ṣun ló wà nínú méjèèjì. Màmá fúnra wọn ni wọ́n bù ú lọ́jọ́ ọdún Ọ̀ṣun, ọ̀kan ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn, èkejì láìpẹ́ yìí. Omi inú ìgò àkọ́kọ́ mọ́ gaara, a fẹ́rẹ̀ẹ́ lè ka ìwé láti ẹ̀yìn rẹ̀. Nínú ìgò kejì, ẹrẹ̀ pupa ti silẹ̀ sí ìsàlẹ̀, ó nípọn tó ìka kan, omi tó sì wà lókè ẹrẹ̀ náà rí bíi tíì tí wọ́n bu mílíìkì sí.

Àwa mẹ́rin la lọ kí Màmá lọ́jọ́ náà. Iṣẹ́ sọ́fítíwià ni gbogbo wa ń ṣe. A jọ ka ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní yunifásítì, a ti wá lé ní ọgbọ̀n ọdún báyìí. A ṣẹ̀ṣẹ̀ bá Màmá tún fóònù wọn tó máa ń kú fúnra rẹ̀ ṣe tán ni. Wọ́n wo fóònù, wọ́n wo àwa náà, wọ́n wá nawọ́ sí àwọn ìgò yẹn. Wọ́n ní, "Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ wá bá mi wo èyí náà. Kí ló ń ṣe ìyá mi?"

Ọ̀ṣun ni wọ́n ń pè ní ìyá. A rẹ́rìn-ín, a ní, "Ẹ̀n-ẹ́n, Màmá, èyí ju tiwa lọ o." Ṣùgbọ́n ìbéèrè yẹn bá wa délé. Ẹni tó bá ń kọ kóòdù mọ ohun kan dájú: àṣìṣe tó bá yọjú lójú fóònù, ibẹ̀ kọ́ ló ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. O lè fi ọ̀sẹ̀ kan gbáko tún ojú ìwé tí gbogbo ayé ń rí ṣe, kó sì jẹ́ pé inú fáìlì kan tí ẹnikẹ́ni kò ṣí láti ọdún mẹ́ta ni ìṣòro wà. Bẹ́ẹ̀ la ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé, tá a ń bi àwọn àgbà léèrè, tá a sì ń tọ omi yìí padà sẹ́yìn nínú ìtàn. Ohun tá a rí la fẹ́ sọ fún yín.

Ìkòkò aró tó fọ́

Gbogbo ọmọ Òṣogbo ló mọ ìtàn yìí, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká tún un sọ, torí ohun kan wà nínú rẹ̀ tí àwa kò kíyè sí nígbà tí wọ́n ń sọ ọ́ fún wa ní kékeré. Láròóyè àti Tìmẹ́hìn ọdẹ ń wá ibi tí omi wà fún àwọn èèyàn wọn. Wọ́n rí odò, wọ́n tẹ̀ dó sí etí rẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gé igi. Igi ńlá kan wó, ó ṣubú sínú odò. Bí igi ṣe já lu omi, ohùn kan ké láti ìsàlẹ̀ pé wọ́n ti fọ́ ìkòkò aró òun o. Ọ̀ṣun ni. Nígbà tí inú rẹ̀ rọ̀, òun àti Láròóyè jọ ṣàdéhùn: kí ìlú sún kúrò létí omi, kí wọ́n fi igbó yẹn sílẹ̀ fún un, kí wọ́n sì máa wá kí i lọ́dọọdún, òun náà á máa fún wọn lọ́mọ, á sì máa gbà wọ́n lọ́wọ́ ọ̀tá. Nígbà tí Láròóyè gbé ẹbọ fún odò, ẹja jáde wá, ó sì tẹ́wọ́ gbà á. Ibẹ̀ ni wọ́n ní oyè ọba Òṣogbo ti wá: A-tẹ́wọ́-gba-ẹja, tó di Àtáọ́ja.

Ẹ wò ó dáadáa. Ohun tó kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀ láàrin ìlú yìí àti odò rẹ̀, ìbàjẹ́ ni. Wọ́n gé igi, wọ́n fọ́ ìkòkò aláró. Ẹ̀yìn ìbàjẹ́ ni àdéhùn dé. Kì í ṣe pé àwọn èèyàn bá igbó kan pàdé tí ẹsẹ̀ kò tíì tẹ̀, tí wọ́n wá ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Wọ́n ti fọwọ́ kàn án, wọ́n ti bà á jẹ́, kí wọ́n tó mọ ohun tí wọ́n ṣe. Àdéhùn àtúnṣe ni àdéhùn Ọ̀ṣun látìbẹ̀rẹ̀.

Nǹkan bí 400 ọdún sẹ́yìn ni wọ́n gbà pé wọ́n tẹ ìlú dó sínú igbó yẹn, kí wọ́n tó ṣí lọ síbi tí Òṣogbo wà lónìí. Òfin tí wọ́n fi sílẹ̀ nínú igbó náà kò ṣòro: a kì í pẹja níbẹ̀, a kì í dẹ̀gbẹ́ níbẹ̀, a kì í gé igi níbẹ̀. Kò sí ọlọ́pàá, kò sí wáyà ẹlẹ́gùn-ún. Èèwọ̀ ló ń ṣọ́ ọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ń ṣiyèméjì pé èèwọ̀ lè ṣe iṣẹ́ gidi, ẹ gbọ́ èyí ná: irúgbìn inú igbó Ọ̀ṣun lé ní 400 oríṣi, èyí tó sì lé ní 200 nínú wọn la mọ̀ sí ewé àti egbò tí wọ́n fi ń ṣe ìwòsàn. Ó wà lára ìwọ̀nba igbó kìjikìji tó ṣẹ́ kù ní gúúsù Nàìjíríà.

Igi tí kì í ṣe tibẹ̀

Ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, kò sí ìlú Yorùbá kan pàtàkì tí kò ní igbó tirẹ̀ bẹ́ẹ̀. Lónìí, ẹ ka iye tó kù ní ìlú yín. Ọ̀pọ̀ ti di ilé epo, òmíràn ti di ilé ẹ̀kọ́, òmíràn ti di ṣọ́ọ̀bù. Ìtàn bó ṣe ṣẹlẹ̀ kò ní àràmàǹdà kankan nínú. Ìjọba amúnisìn dé, rélùwéè dé Òṣogbo ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, kòkó di owó, ìlú fẹ̀, ilẹ̀ wọ́n. Ẹ̀sìn tuntun méjèèjì gbilẹ̀, àwọn ọmọ awo lọ sí ilé ẹ̀kọ́, wọn kò sì padà sídìí ojúbọ mọ́. A kò sọ èyí láti bú ẹnikẹ́ni. Nínú àwa mẹ́rin, mùsùlùmí méjì ló wà, kìrìsìtẹ́nì méjì. Ohun tá a ń sọ ni pé nígbà tí èèwọ̀ bá jẹ́ ọlọ́pàá kan ṣoṣo tí igbó ní, ọjọ́ tí àwọn èèyàn bá yé bẹ̀rù èèwọ̀, igbó ti di aláìníbodè nìyẹn.

Ẹ̀ka ìjọba amúnisìn tó ń rí sí iṣẹ́ ọ̀gbìn àti igbó gba apá kan nínú igbó Ọ̀ṣun, wọ́n gé àwọn igi tó wà níbẹ̀, wọ́n gbin igi tíìkì sí i. Ilẹ̀ Éṣíà ni tíìkì ti wá. Igi tó tọ́ fún ilé àti àga ni, ó sì ń pa owó wọlé. Lójú ẹni tó gbìn ín, ó ti sọ ilẹ̀ tí kò wúlò di ilẹ̀ tó wúlò. Nígbà tó fi máa di àwọn ọdún 1950, ojúbọ ti ń wó, ọ̀pọ̀ àwọn àwòrò ti kúrò nídìí rẹ̀, àwọn apẹja àti ọdẹ ti ń wọlé, àwọn olè ń kó ère àtijọ́ lọ tà, àwọn oníṣòwò ilẹ̀ sì ti ń wọn ìyókù ní ìwọ̀n pulọ́ọ̀tì.

Bí ìtàn yìí bá parí síbẹ̀ ni, ìtàn igbó ìlú yín náà ni. Kò parí síbẹ̀.

Obìnrin kan àti àwọn birikìlà

Ní ọdún 1950, obìnrin ará Austria kan tó ń jẹ́ Susanne Wenger dé Nàìjíríà pẹ̀lú ọkọ rẹ̀, Ulli Beier. Ìlú Graz ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1915, ayàwòrán ni. Kò pẹ́ tó dé tí àrùn ikọ́ ẹ̀gbẹ gbé e dálẹ̀. Nígbà tí ara rẹ̀ yá, ó pàdé Ajagẹmọ, àwòrò Ọbàtálá ní Ẹdẹ, ẹni tó kọ́ ọ ní èdè àti ìlànà òrìṣà. Nígbà tó yá, ó fìdí kalẹ̀ sí Òṣogbo, aráàlú sì sọ ọ́ ní Àdùnní Olórìṣà. Kò kúrò ní Òṣogbo títí ó fi kú ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2009, lẹ́ni ọdún 93.

Ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n máa ń sọ ìtàn yìí bíi pé òyìnbó kan ló dá gba igbó Ọ̀ṣun là. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àtáọ́ja tó wà lórí oyè fọwọ́ sí i, àwọn olórìṣà tó kù kò tíì gbàgbé, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ìlú sì ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà lé èjìká. Adébísí Àkànjí, birikìlà ni kó tó di agbẹ́gilére oní-sìmẹ́ǹtì. Bùráímọ̀ Gbàdàmọ́sí ń gbẹ́ òkúta. Kàsálì Àkàngbé ń gbẹ́ igi. Àwọn àti àwọn mìíràn ló tún ojúbọ tó ń wó kọ́, tí wọ́n mọ ògiri, tí wọ́n sì gbé ère ńláńlá kalẹ̀ káàkiri igbó náà. Ère wọ̀nyẹn kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lásán. Bí oníṣòwò ilẹ̀ bá dé ibì kan pẹ̀lú tẹ́ẹ̀pù tó fi ń wọn ilẹ̀, tó wá bá ère òrìṣà tó ga ju ilé lọ tó dúró síbẹ̀, ó mọ̀ pé ilẹ̀ yẹn ní olówó.

Ìwé òfin wá tẹ̀ lé e. Ní ọdún 1965, ìjọba sọ apá kan igbó náà di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Ní ọdún 1992, wọ́n fẹ òfin náà dé gbogbo igbó. Ní ọdún 2005, UNESCO fi orúkọ rẹ̀ sínú àkọsílẹ̀ àwọn ogún àgbáyé. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ hẹ́kítà 75.

Ká sòótọ́, wọn kò dá igbó náà padà sí bó ṣe wà nígbà Láròóyè. Sìmẹ́ǹtì kò sí nígbà Láròóyè. Àwọn ère tí a ń ya fọ́tò wọn lónìí, iṣẹ́ ọwọ́ àwọn tó bá bàbá wa ṣẹgbẹ́ ni. Igi tíìkì ìjọba amúnisìn náà ṣì ń bẹ nínú igbó tòun ti ewé rẹ̀ gbẹ̀ǹgbẹ̀. Igbó yí padà, ojúbọ yí padà, ojú àwọn olùjọsìn náà yí padà. Síbẹ̀, ní oṣù kẹjọ ọdọọdún, wọ́n á tan àtùpà olójúmẹ́rìndínlógún, arugbá á gbé igbá sórí, ìlú á sì tẹ̀ lé e lọ sí odò. Ohun tí kò yí padà ni pé wọ́n ń lọ.

Omi kì í ka pátákó

Báyìí la ṣe dé ọ̀dọ̀ ìgò kejì Màmá.

Ìgèdè-Èkìtì ni Ọ̀ṣun ti ṣẹ̀. Ó gba ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà kọjá kó tó dé Òṣogbo, ó tún ń lọ sísàlẹ̀ títí yóò fi dé ọ̀sà Lẹ́kíì. Odò tó lé ní 200 kìlómítà ni. Hẹ́kítà 75 kò sì pé kìlómítà kan ní òró àti ìbú. Ẹ bá wa ṣírò rẹ̀: ibi tí a ti ń kí odò la dáàbò bò, a kò dáàbò bo odò náà. Pátákó UNESCO wà lẹ́nu ọ̀nà igbó, ṣùgbọ́n omi kì í ka pátákó. Ohunkóhun tí wọ́n bá dà sí i lókè, ó ń gbé e bọ̀.

Wúrà sì wà nínú ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Láti ayé ìjọba amúnisìn ni wọ́n ti ń wà á, ṣùgbọ́n ní àwọn ọdún àìpẹ́ yìí ni iṣẹ́ náà gbòde kan, pàápàá èyí tí kò ní ìwé àṣẹ. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Wúrà máa ń wà nínú iyẹ̀pẹ̀ etí odò àti ìṣàn kéékèèké tó ń ṣàn wọ Ọ̀ṣun. Wọ́n á gbẹ́ etí odò, wọ́n á fi ẹ̀rọ fa omi, wọ́n á máa fọ iyẹ̀pẹ̀ náà. Wúrà wúwo, á silẹ̀. Amọ̀ fúyẹ́, á bá omi lọ. Amọ̀ yẹn ló wà nínú ìgò Màmá. Ẹrẹ̀ nìkan kọ́ o. Àwọn awakùsà kéékèèké máa ń lo mercury láti fi kó ẹ̀rúnrún wúrà jọ, wọ́n á wá fi iná sun mercury náà dànù. Èyí tó bá wọnú omi kì í tán bọ̀rọ̀. Ó ń wọ ara ẹja, ẹja ń gbé e wọ ara èèyàn. Òjé náà lè jáde látinú òkúta tí wọ́n ń fọ́.

Ní ọdún 2022, ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kìlọ̀ fún aráàlú kí wọ́n má ṣe mu omi odò náà mọ́. Ẹ ro ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Obìnrin tó ń tọrọ ọmọ, tó fi kẹ́ẹ̀gì bu omi Ọ̀ṣun bí ìyá àti ìyá ìyá rẹ̀ ṣe bù ú, ni wọ́n ń sọ fún pé kó má fi kan ẹnu. Ọba tí orúkọ oyè rẹ̀ wá látara ẹja ń jókòó létí omi tí a kò mọ̀ bóyá ẹja inú rẹ̀ ṣeé jẹ.

Bí ẹ bá sì rò pé ọ̀rọ̀ olórìṣà nìkan ni, ẹ dúró ná. Odò kan náà ni wọ́n sé ní Aṣèjìrè lọ́nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀, tí wọ́n ń fà lọ sínú páìpù Ìbàdàn láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970. Ọmọ Ìbàdàn ni méjì nínú wa. Omi Ọ̀ṣun la fi wẹ̀, òun la fi se ẹ̀bà, láìmọ orúkọ rẹ̀. Ìyá Màmá ti jẹ́ ìyá tiwa náà látọjọ́ yìí.

Odò kan tó jí

A wá bi ara wa léèrè pé: ṣé odò tó ti bàjẹ́ tiẹ̀ ṣeé tún ṣe? Nídìí iṣẹ́ wa, bí kóòdù bá bàjẹ́, àṣẹ kan wà tí èèyàn á tẹ̀ tí yóò dá gbogbo rẹ̀ padà sí bó ṣe rí lánàá. Odò kò ní irú bọ́tìnì bẹ́ẹ̀. A wá ibi tí wọ́n ti gbìyànjú rẹ̀ lọ títí dé òpin, ibi tí a sì rí jìnnà gan-an: odò Elwha, ní ìpínlẹ̀ Washington ní Amẹ́ríkà. A fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ ìtàn rẹ̀, torí pé ó jọ tiwa níbi kan, ó sì kọ́ wa ní ohun tí tiwa kò tíì dé.

Àwọn Klallam ni wọ́n ni etí odò yẹn. Àwọn náà ní ibì kan létí omi tí wọ́n gbà pé ibẹ̀ ni Ẹlẹ́dàá ti mọ èèyàn: òkúta kan tó ní ihò méjì bí agbọ̀n. Ẹja salmon ni oúnjẹ wọn. Inú odò ni wọ́n ń bí i sí, á lọ dàgbà nínú òkun, á sì padà wá yé ẹyin sínú odò tí wọ́n bí i sí. Ní ọdún 1855, wọ́n bá ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ìwé àdéhùn. Wọ́n fi ilẹ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé náà sọ pé ẹ̀tọ́ wọn láti pẹja níbi tí wọ́n ti ń pẹja tẹ́lẹ̀ kò yẹ̀.

Ní ọdún 1910, oníṣòwò kan tó ń jẹ́ Thomas Aldwell bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ dáàmù sórí Elwha láti fi pèsè iná mànàmáná. Láti ọdún 1890 ni òfin ìpínlẹ̀ náà ti sọ pé ẹni tó bá kọ́ dáàmù gbọ́dọ̀ ṣe ọ̀nà tí ẹja á gbà kọjá. Wọn kò ṣe é. Ní ọdún 1912, ìpìlẹ̀ dáàmù náà ya, omi ya lọ sísàlẹ̀ níbi tí àwọn Klallam ń gbé. Wọ́n tún un kọ́, ó sì parí ní 1913. Ní 1927, wọ́n kọ́ dáàmù kejì sókè odò, Glines Canyon, tó ga tó mítà 64. Ọ̀nà tó lé ní 110 kìlómítà tí ẹja ń lọ tẹ́lẹ̀, lórí odò náà àti àwọn ẹ̀ka rẹ̀, tì pa. Kìlómítà mẹ́jọ péré láti etí òkun ló ṣẹ́ kù fún wọn. Òkúta ìṣẹ̀dá wọn wà lábẹ́ adágún. Àwọn ọmọ wọn tí kò rí òkúta náà rí bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ pé àròsọ àwọn àgbà ni.

Bí nǹkan ṣe wá yí padà lọ́ra púpọ̀. Ní ọdún 1974, adájọ́ George Boldt dájọ́ pé ìwé àdéhùn àwọn ọdún 1850 ṣì múlẹ̀, àti pé ìdajì ẹja tó ṣeé pa jẹ́ ti àwọn ẹ̀yà tó fọwọ́ sí i. Nígbà tí àwọn onídáàmù wá ń tọrọ ìwé àṣẹ ní àwọn ọdún 1980, àwọn Klallam yarí pé àwọn kò fẹ́ àtúnṣe kankan, kí wọ́n wó o ni. Ní 1992, ilé aṣòfin Amẹ́ríkà ṣe òfin pé kí wọ́n dá odò náà padà sípò. Ní ọdún 2000, ìjọba ra dáàmù méjèèjì. Oṣù kẹsàn-án ọdún 2011 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í wó wọn. Ẹ rí i pé láti ọjọ́ tí òfin jáde dé ọjọ́ tí wọ́n fọ́ kọnkéré àkọ́kọ́, ọdún mọ́kàndínlógún ni.

Dáàmù àkọ́kọ́ lọ tán ní oṣù kẹta 2012. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, salmon ti kọjá ibi tó wà. Ẹja tí ìran rẹ̀ kò gba ibẹ̀ kọjá ní ọdún 99! Ní ọdún yẹn kan náà, bí adágún ṣe fà, àwọn Klallam lọ sí ibi tí àwọn àgbà ti ń júwe láti ìran dé ìran, wọ́n sì bá òkúta náà níbẹ̀ pẹ̀lú ihò méjèèjì. Ìtàn àgbà kì í ṣe àròsọ. Ó kàn wà lábẹ́ omi ni.

Kò rọrùn o. Owó tí wọ́n ná lé ní mílíọ̀nù 320 dọ́là. Ẹrẹ̀ àti iyanrìn tó ti kó jọ lẹ́yìn dáàmù fún bí ọgọ́rùn-ún ọdún ya wá sísàlẹ̀, odò dúdú kirikiri fún ìgbà pípẹ́. Ẹni tó bá rí i nígbà náà á rò pé ṣe ni wọ́n bà á jẹ́ sí i. Ẹrẹ̀ yẹn náà ló wá di etíkun tuntun lẹ́nu odò. Wọ́n gbin irúgbìn káàkiri ilẹ̀ tí adágún fi sílẹ̀. Àwọn Klallam dáwọ́ ẹja pípa dúró nínú Elwha láti ọdún 2011 kí ẹja lè ráyè bí sí i. Ọdún 2023 ni wọ́n tó tún na àwọ̀n síbẹ̀, díẹ̀ péré, fún oúnjẹ àti ayẹyẹ. Wọ́n dúró fún ọdún méjìlá létí odò tiwọn.

Ohun kan tún wà tó dùn wá. Ní oṣù kejì 2014, Hazel Sampson kú lẹ́ni ọdún 103. Òun ni ẹni ìkẹyìn tí Klallam jẹ́ èdè tó kọ́kọ́ sọ láyé. Ní oṣù kẹjọ ọdún kan náà ni kọnkéré dáàmù kejì lọ tán. Odò ń padà bọ̀, èdè tó mọ orúkọ rẹ̀ ń lọ. Ìwé atúmọ̀ èdè ti wà, àwọn ọ̀dọ́ sì ń kọ́ èdè náà nílé ẹ̀kọ́ báyìí, ṣùgbọ́n àwa tí à ń ka èyí ní Yorùbá mọ̀ pé èdè kíkọ́ nílé ẹ̀kọ́ àti èdè àtọmú, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni.

Orísun

Kí la wá máa sọ fún Màmá?

A kò lè sọ pé bí Elwha ṣe rí ni Ọ̀ṣun máa rí. Kọnkéré ni wàhálà tiwọn. Wọ́n wó o, ó tán. Tiwa, ebi ló wà nídìí ẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń fọ iyẹ̀pẹ̀ lókè odò, ọ̀dọ́ bíi tiwa ni. Bí wọ́n bá ríṣẹ́ mìíràn, wọn ò ní dúró sínú ẹrẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́. Àwọn tó ń ra wúrà náà lọ́wọ́ wọn kì í sì í dé etí odò. Ká máa lé àwọn ọmọ tó ń gbẹ́lẹ̀ kiri, ká fi ẹni tó ń rà á sílẹ̀, fífi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ohun kan hàn kedere nínú ìtàn méjèèjì. Ìlú Òṣogbo mú àdéhùn wọn ṣẹ níbi tí ọwọ́ wọn tó. Ẹ̀ẹ̀mejì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n tún un ṣe: lẹ́yìn tí ìkòkò aró fọ́, àti lẹ́yìn tí igi tíìkì wọlé. Ní ìgbà méjèèjì, ààlà ìlú ni ààlà àdéhùn náà. Àwọn Klallam kò bèèrè fún ibì kan létí odò tí wọ́n á ti máa gbàdúrà. Gbogbo odò ni wọ́n bèèrè fún, láti òkè dé òkun, torí pé ẹja kì í gbé hẹ́kítà 75. Ìgbà kẹta tí a máa tún àdéhùn Ọ̀ṣun ṣe nìyí, ó sì gbọ́dọ̀ kọjá ògiri igbó. Ó gbọ́dọ̀ kan Ìgèdè, kó kan Ìjẹ̀ṣà, kó kan ìjọba Èkìtì, ti Ọ̀ṣun, ti Ọ̀yọ́ àti ti àpapọ̀, kó kan ẹni tó ń mu omi Aṣèjìrè ní Ìbàdàn tí kò tíì rí arugbá rí.

A padà lọ sọ́dọ̀ Màmá láti jábọ̀. A ní, "Màmá, a ti wò ó. Àìsàn ìyá yín kì í ṣe ti Òṣogbo níbí. Òkè ló ti ń bọ̀."

Wọ́n wò wá bí ẹni ń wo ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ A, B, D. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ṣé kò sẹ́ni tó sọ fún yín pé odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ló ń gbẹ?" Gbogbo wa la ti ń pa òwe yẹn fún ara wa láti kékeré, ní ibi ìgbéyàwó, ní ibi ìpàdé ẹgbẹ́. Kò sí ìgbà kan tá a rántí pé odò gan-an ni òwe náà ń bá wí.

Wọ́n wá wọlé lọ, wọ́n gbé ìgò kẹta jáde, òfìfo, wọ́n ti fọ̀ ọ́ mọ́, wọ́n ti fi ìdérí sí i. Wọ́n ní ká bá àwọn bu omi Ọ̀ṣun wá láti Ìgèdè, láti ibi tó ti ń sun, káwọn lè gbé e sáàrin àwọn méjì tó kù, káwọn sì fojú ara àwọn rí i bóyá ó ṣì mọ́ níbẹ̀.

Ìgò náà wà nínú mọ́tò wa báyìí. Bí òjò bá dá, a ó lọ. Ẹni tó bá fẹ́ bá wa lọ nínú yín, kó mú ìgò tirẹ̀ dání.